Owó Oyin Inú Àpáta

“Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké.” Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn fara da ìnira ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n òwe náà ti gbà pé ẹni tó fẹ́ jẹ oyin ló ni àáké, ó sì ti gbà pé alágbẹ̀dẹ wà nítòsí tí yóò pọ́n ọn bí ẹnu rẹ̀ bá kú. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ yìí ló ká mi lára, torí ẹ́ńjìnnì rélùwéè àtijọ́, tí òun náà nílò ẹni tí yóò máa tún un ṣe.

Láàárín Colorado àti New Mexico ní Amẹ́ríkà, ojú irin kan wà tó ń jẹ́ Cumbres & Toltec. Àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì rà á ní 1970 kí wọ́n má baà hú u dànù, àwọn tó ń ṣe fàájì ló sì ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ títí dòní. Wọ́n ní ọkọ̀ kan níbẹ̀, Rotary OY, tí wọ́n ṣe ní 1923 láti máa gbọ́n yìnyín kúrò lójú irin. Ó ní bọ́ílà tirẹ̀, àmọ́ abẹ irin iwájú rẹ̀ nìkan ni ooru omi híhó náà ń yí; kò lè gbé ara rẹ̀ kúrò lójú kan. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ló gbọ́dọ̀ máa tì í lẹ́yìn, ìyẹn náà á sì máa jẹ èédú tirẹ̀, á máa mu omi tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí yìnyín kò sí nílẹ̀ ni èrò ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ jù lọ. Nígbà tí wọ́n dáná sí Rotary OY ní 2020, àwọn tó fẹ́ wò ó, tí wọ́n fẹ́ yà á ní fọ́tò, ló tìtorí rẹ̀ wá.

Èédú kọ́ ni ìnáwó tó le jù. Òfin ibẹ̀ ní bí bọ́ílà bá ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 1,472, tàbí tí ọdún 15 bá pé, dandan ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Ta ni yóò tú u? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ irin bọ́ílà, tó ń wo àwọ̀ èéfín tó sì mọ̀ bóyá iná tó, kò sí lórí àtẹ. Ẹni tó ti ṣe é rí ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Àwa náà ní rélùwéè nílẹ̀ wa. Ojú irin tó kúrò ní Ìbàdàn dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ tẹ̀dó sí Jọ́ọ̀sì àti Kánò kì í ṣe àjèjì sí rélùwéè. Ní Èbúté Mẹ́tta, ẹgbẹ́ Legacy, tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ti sọ Jaekel House, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè sí. Iṣẹ́ rere ni, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé kò dà bí iná; ẹni tó ń tún ilé ṣe kò lè fi ìyẹn mọ bí a ṣe ń bọ́ iná ẹ́ńjìnnì. Àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ rí ọmọ kọ́ níṣẹ́ torí pé ẹni tó ń ra igbá fínfín ṣì wà. Ta ló ń ra ìmọ̀ ẹni tó ń dáná rélùwéè?

Bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tún fọn fèrè nílẹ̀ wa, owó oṣù àwọn ọmọṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kó tó kan èédú àti ọ̀dà, kí wọ́n sì tètè wá àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ṣì wà láàyè láti kọ́ wọn.