Ta Ló Di Kálàmù Mú?

Ní ilé kéwú bàbá mi ní Ìkìrun, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní wàláà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ pátákó ìgbàlódé, èyí tí projẹ́kítọ̀ ń tan iná sí, tí ọmọ sì ń fi kálàmù tàbí ìka kọ nǹkan sí, bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ yìí ti jókòó, tó ń wo ẹ̀yìn olùkọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wíwo ẹ̀yìn olùkọ́ ní ìgbà tó dé, a sì mọ ohun tó gbé e wá.

Ogun Jálumi ọdún 1878 ni àwọn òpìtàn fi ń rántí Ìkìrun. Èmi ń fi wàláà rántí rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ ni, ó ní ọrùn lókè tí ọmọ fi ń gbé e. Bàbá mi a lọ èédú kúnná, a pò ó mọ́ oje igi àti omi, ó di tàdáwà. Kálàmù rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì là á díẹ̀ kó lè mu tàdáwà. Òun a kọ ìlà kan, ọmọ a kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀, a máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa ké e sókè. Ìgbà tó bá há a sórí tán la tó ń fọ wàláà, tí a sá a sóòrùn. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ kì í ṣe omi tí à ń dà sójú ọ̀nà. Hàǹtú ni, àwọn mìíràn a gbé e mu. Ọmọ tí kò bá tíì mọ tirẹ̀ kò ní fọ̀ ọ́. Báyìí ni gbogbo ẹni tó bá wọlé ṣe ń mọ ibi tí kálukú dé, láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè.

Bàbá mi kò ní fẹ́ kí n sọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò pé láìsí i. Babaláwo kan wà lẹ́yìn ògiri wa, àwa ọmọdé a sì máa yọjú wò ó. Ó da ìyẹ̀rosùn sórí ọpọ́n, ó kó ikin mẹ́rìndínlógún sọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì gbà á. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù, a fi ìka tẹ ojú méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, a tẹ ojú kan. Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, odù kan ti yọ nínú 256. Bó bá kí i tán, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń nù ún, ọpọ́n á sì mọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rí èyí rí kò lè gbà pé àjèjì ni fífi ìka kọ̀wé sójú pátákó lọ́dọ̀ wa.

Iléèwé àwọn òyìnbó ló yí ọ̀rọ̀ padà. Síléètì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ọmọ, ìyẹn ṣì jọ wàláà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ ya wọ iléèwé. Olùkọ́ kan, ọmọ rẹpẹtẹ. Bọ́ọ̀dù dúdú ló lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ti rí ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1801 nìyẹn, nígbà tí George Baron ń fi í kọ́ni ní ìṣirò ní iléèwé ológun West Point. Ṣọ́ọ̀kì sì di ti olùkọ́. N kò bá a wí: ọmọ pọ̀, ṣọ́ọ̀kì kò tó.

Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọwọ́ tiwa ń kan bọ́ọ̀dù. A óò gún èédú mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, a óò fi àkísà rẹ́ ẹ sára rẹ̀ títí yóò fi dúdú kirikiri. Kíkùn ni iṣẹ́ tiwa. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, ẹlòmíràn ni yóò kọ̀wé sí i.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní agbègbè Ìnísà nígbà tí Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ọmọ ń gbé lọ́wọ́, dé. Oṣù kẹfà ọdún 2013 ni Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí i fún àwọn ọmọ iléèwé girama ní Ọ̀ṣun. Wọ́n ní 150,000 ni yóò jẹ́. Ìwé lórí oríṣi ẹ̀kọ́ 17 wà nínú rẹ̀, àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB àwọn ọdún tó ti kọjá, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí. Ibi tí iná kò bá sí fún ọjọ́ mélòó kan, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Síbẹ̀ inú mi dùn gan-an, nítorí láti ìgbà wàláà, òun ni pátákó àkọ́kọ́ tí mo rí tó tún jẹ́ ti ọmọ. Ọmọbìnrin kan tí kì í nawọ́ rárá ní kíláàsì tẹ ìdáhùn ìṣirò síbẹ̀, ó rí i pé òun gbà á, ó ní, "Mà, ẹ wá wò ó!" Ohùn rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Projẹ́kítọ̀ olójú ìfọwọ́kàn, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣogbo ni mo ti fọwọ́ kàn án. Ó ní àwọn àgbà tirẹ̀: iléeṣẹ́ SMART ní Kánádà gbé pátákó tó mọ ọwọ́ jáde ní 1991, ní 2007, Johnny Chung Lee fi ẹ̀rọ eré Wii àti kálàmù oníná ṣe irú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, nígbà tó di 2010, Epson ti fi kámẹ́rà sínú projẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá tẹ ẹnu kálàmù náà mọ́ pátákó, iná kan á tàn tí ojú wa kò lè rí, kámẹ́rà á rí i, yóò sì fa ìlà sí ojú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà mọ̀nà: àmì kéékèèké á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò máa tẹ̀ wọ́n. Bí ẹnì kan bá sún projẹ́kítọ̀ lẹ́yìn náà, ìlà á kúrò níbi tí ọwọ́ wà.

Fún ìka, àpótí kékeré kan wà lókè pátákó tó ń ta aṣọ iná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá gún un, ó gbà pé ìka ni. Ìborùn mi fọwọ́ kàn án nígbà tí mo tẹ̀ síwájú, ó sì fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí ìṣirò mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn olùkọ́ kí wọ́n ká apá agbádá wọn.

Ohun tí a kọ kò tún ní láti parẹ́. Ẹ̀rọ lè fi í pamọ́, kí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lánàá lè kà á lónìí. Èyí kò sí ní ti wàláà, n ó sì fi owó mi rà á bí mo bá ní in. Ṣùgbọ́n kálàmù méjì ló bá a wá. Gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ọwọ́ olùkọ́ ni kálàmù méjèèjì wà, a sì ń kọ̀wé bí ẹni ń kọ ti ṣọ́ọ̀kì. Ìka ni mo fara mọ́ fún iléèwé tiwa. Kò ní bátìrì, kì í sọnù nínú dúrọ́ọ̀ olùkọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń gbé tirẹ̀ wá láti ilé.

Gíga olùkọ́ ni wọ́n sì fi ń kan gbogbo pátákó mọ́ ògiri. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá fẹ́ ra èyí, kó tó pe ẹni tí yóò kàn án, kó pe ọmọ tó kúrú jù ní kíláàsì síwájú ògiri, kó ní kó nawọ́ sókè. Ibi tí ìka rẹ̀ bá dé ni kí òkè pátákó náà wà.