Báwo Lẹ Ṣe Ń Rìn Sí Báyìí?

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tó sì ti ń dìde rìn, ojú méjì la fi ń wo ìrìn rẹ̀. Ojú kan ni ti oníṣègùn, tó máa ní kó rin mítà 10, táá sì máa wo aago. Láti 1995, ìdíwọ̀n tí Jacquelin Perry àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ti sọ pé ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò tó mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú ilé ló mọ. Ẹni tó bá kọjá 0.8 lè jáde sígboro. Ojú kejì ni ti ẹni tó ni ẹsẹ̀. Òun kì í ka mítà. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ yìí wúwo," "Kì í gbọ́ tèmi mọ́," "N ò mọ ibi tí mo gbé e sí."

Ìwé ìbéèrè wà tí wọ́n fi ń gbọ́ tẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ wọ́n di Yorùbá yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Èyí tó máa ṣe rẹ́gí ló ṣòro.

Ẹ jẹ́ ká mú "ìrìn" fúnra rẹ̀. Bi màmá àgbàlagbà kan pé, "Mà, báwo ni ìrìn yín?" Ó lè dáhùn pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ pọ̀ lọ́nà. "Ìgbésẹ̀" ńkọ́? Ìjọba ti gba ìyẹn lórí rédíò. Ṣùgbọ́n bí o bá ní, "Mà, báwo lẹ ṣe ń rìn sí báyìí?", yóò na ẹsẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu síwájú, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrìn tí kò ní ìdíwọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "smooth": abọ́ ló ń dán, ẹsẹ̀ tí kò fà, tí kò kọ, geere ló ń lọ.

Èyí tó le jù ni ìbéèrè bóyá aláìsàn ní láti máa ro ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó lè gbé e. Kíá lọwọ́ olùtumọ̀ máa lọ sí "Ṣé ẹ máa ń fọkàn sí ìrìn yín?" Ta ló máa ní rárá? Létí Yorùbá, ìwà tó dáa ni ìfọkànsí, òun náà ni nọ́ọ̀sì sì ń kìlọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Aláìsàn á fi ìdùnnú dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìnira. Ẹ jẹ́ ká bi í báyìí: "Bí ẹnìkan bá kí yín lójú ọ̀nà, ṣé ẹ lè máa rìn lọ kẹ́ ẹ sì dá a lóhùn, àbí ẹ ní láti dúró ná?" Ní 1997, àwọn olùwádìí ní Sweden rí i pé àwọn arúgbó tó máa ń dúró bí wọ́n bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń rìn, àwọn ló sábà ń ṣubú lẹ́yìn náà. Láàárín àwa tí a kì í kọjá lára ẹni láìkí i, kò sẹ́ni tí kò ní mọ ìdáhùn tirẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun pẹ̀lú ní àyè tirẹ̀. Oníṣègùn á ní kí aláìsàn dijú, á di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ̀ ẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀, á bi í pé níbo ló kọjú sí. Ohun tó ń yẹ̀ wò yìí, a lè pè é ní "ìmọ̀-ipò-ẹsẹ̀" fún akẹ́kọ̀ọ́. Aláìsàn kò nílò rẹ̀, ó ti ní, "N ò mọ ibi tí mo gbé e sí."

Èrò tèmi nìyí: ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ká fi ọ̀rọ̀-ìṣe bi aláìsàn léèrè. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìtumọ̀ kankan, kí wọ́n kà á sétí àwọn tí àrùn náà ti ṣe, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fẹnu ara wọn tún ìbéèrè náà sọ. Níbi tí tiwọn bá ti yàtọ̀ sí ti ìwé, ìwé ni ká tún kọ.