Òjé àti Àwọn Mẹ́táàlì Olóró Nínú Oúnjẹ

Òjé, kádímíọ̀mù, mákúrì àti ásẹ́níìkì ni àwọn onímọ̀ nípa májèlé máa ń wá jù lọ bí wọ́n bá ń yẹ oúnjẹ wò. Inú ilẹ̀ àti àpáta ni wọ́n wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń hú wọn jáde, ó sì ń fọ́n wọn ká. Ojú kò lè rí wọn nínú ọbẹ̀, ahọ́n kò sì lè mọ̀ wọ́n. Iná tí ń pa kòkòrò àrùn kò lè pa wọ́n run.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ oúnjẹ

Ẹ̀fọ́ tí a gbìn sí ẹ̀bá títì, orí ààtàn tàbí ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ lè fa òjé àti kádímíọ̀mù láti inú ilẹ̀, eruku olóró sì lè bà lé ewé rẹ̀. Ìrẹsì ń fa ásẹ́níìkì ju ọ̀pọ̀ ọkà lọ, nítorí pé inú omi ni a sábà máa ń gbìn ín sí. Mákúrì ń kó jọ sí ara ẹja ńlá tí ń jẹ ẹja mìíràn. Ìkòkò tí a fi àfọ́kù irin rọ lè tú òjé sínú ọbẹ̀, pàápàá ọbẹ̀ tí ó kan. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ pẹ̀lú nípa kábáàdì tí àwọn kan fi ń mú èso pọ́n, nítorí ásẹ́níìkì lè wà nínú rẹ̀.

Ìpalára wọn

Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ara ọmọdé lè gba òjé tí ó gbé mì ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Egungun ni ó ń fara pamọ́ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, ó lè jáde láti inú egungun ìyá kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Kíndìnrín ni kádímíọ̀mù ń bà jẹ́.

Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ìdílé kan ń lọ òkúta láti yọ wúrà, wọn kò sì mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni àwọn kan fi lọ òkúta náà. Ó lé ní irínwó (400) ọmọ tí ó kú.

Bí a ṣe ń wádìí

Onímọ̀ nípa májèlé yóò ra oúnjẹ ní ọjà, yóò fi ásíìdì yọ́ ọ, yóò sì fi ẹ̀rọ wọn mẹ́táàlì inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣírò iye tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́ àti bí ara rẹ̀ ti wúwo tó. Òdiwọ̀n àgbáyé tí àjọ Codex gbé kalẹ̀ fún òjé nínú ọkà ni 0.2 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù kan. Ní ọdún 2010 kan náà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ àjọ FAO àti WHO fagi lé ìwọ̀n òjé tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ara lè fara dà lọ́sẹ̀, nítorí pé ìwádìí kò rí ìwọ̀n kankan tí kò lè pa ọmọdé lára.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

• Ẹ fi omi púpọ̀ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa. Èyí ń mú eruku kúrò, ṣùgbọ́n kò lè yọ ohun tí gbòǹgbò ti fà.
• Ẹ fi omi púpọ̀ se ìrẹsì, kí ẹ sì da omi náà nù.
• Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ tí a fi lọ òkúta lọ oúnjẹ.
• Ẹ má ṣe yọ́ bátìrì nítòsí ilé, oko tàbí kànga.
• Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun kánúnkánún, kí ẹ̀wà, wàrà àti ẹja kéékèèké má sì wọ́n nínú oúnjẹ wọn. Ara tí ebi ń pa ń gba òjé sí i.
• Bí ẹ bá fura sí oúnjẹ kan, ẹ fi tó ọ́fíìsì NAFDAC tàbí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín létí. Bí ẹ bá sì fura pé ọmọ ti gbé òjé mì, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.