Ẹyin Inú Àpótí, Ẹyin Inú Ìtẹ́: Ìtàn Bí Àwọn Ará Bìrìtéènì Ṣe Kọ́ Wíwo Ìtẹ́ Ẹyẹ Láìfọwọ́kàn-án

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ènìyàn bá sọ pé òun mọ ẹyẹ kan dáadáa, ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, ẹyin rẹ̀ dà? Ẹyin ni ẹ̀rí ìmọ̀, inú àpótí onípele tí a fi òwú tẹ́ sì ni ibùgbé ẹyin. Àlùfáà ìjọ, oníṣègùn, ọmọ ilé-ìwé àti ọlọ́rọ̀ tí kò níṣẹ́ mìíràn, gbogbo wọn ni wọ́n ń gun igi, tí àwọn mìíràn sì ń fi okùn sọ̀kalẹ̀ lára àpáta létí òkun. Bí wọ́n bá mú ẹyin délé, wọn a lu ihò kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a fi ọ̀pá tín-ín-rín fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí ohun inú rẹ̀ yóò fi tú jáde tán. Èèpo òfìfo tí ó kù ni wọ́n ń tọ́jú, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n kọ orúkọ ẹyẹ, ibi tí wọ́n ti rí i àti ọjọ́ tí wọ́n mú un sí.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ wọn, ìdí wà fún un. Kò sí kámẹ́rà tí ènìyàn lè gbé wọ inú igbó nígbà náà, àwòrán inú ìwé kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi gbogbo ìgbà jọ ohun tí a yà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹyin ẹyẹ méjì tí ó jọra, àfi kí ó tò wọ́n sójú kan. Ṣùgbọ́n ẹyin kan kì í tó wọn. Gbogbo ẹyin inú ìtẹ́ ni wọ́n máa ń palẹ̀ mọ́. Bí ẹyẹ bá sì ti ń ṣọ̀wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ ń níye lórí sí i. Ní tèmi o, ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ìmọ̀ ti di ìfẹ́ ohun ìní.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bempton, lára àpáta etí òkun ní Yorkshire, ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ. Ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní guillemot kì í kọ́ ìtẹ́. Orí òkúta lásán ni í yé ẹyin rẹ̀ kan ṣoṣo sí, láàárín ọ̀pọ̀ ẹyẹ bíi tirẹ̀ tí wọ́n fún mọ́ra. Nítorí náà ni ẹyin wọn fi yàtọ̀ síra gidigidi, òmíràn aláwọ̀ ojú ọ̀run, òmíràn funfun, òmíràn aláràbarà, kí oníkálukú lè dá tirẹ̀ mọ̀. Àmì tí ìyá fi ń mọ ọmọ rẹ̀ yìí náà ni ó fa àwọn akójọ-ẹyin wá. Ẹyin pupa kan wà tí wọ́n sọ ní ẹyin Metland. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ọdún púpọ̀ léra ni àwọn tí ń fi okùn sọ̀kalẹ̀ ń mú un lórí òkúta kan náà, lọ́wọ́ ìyá kan náà. Wọ́n dá ẹyẹ náà mọ̀ débi pé wọ́n mọ ilé rẹ̀. Wọ́n dá a mọ̀, wọ́n sì ń jà á lólè lọ́dọọdún.

Ọ̀nà mìíràn ti là kí èyí tó parí. Ní ọdún 1892, Richard àti Cherry Kearton, ọmọ ìyá méjì tí a bí ní Yorkshire, ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ song thrush pẹ̀lú ẹyin nínú rẹ̀, ìtẹ́ náà sì wà níbi tí ẹyẹ kọ́ ọ sí. Ní 1895 ni ìwé wọn, British Birds' Nests, jáde, fọ́tò ni wọ́n sì fi ṣe àwòrán inú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin yìí kò mọ ìtìjú. Wọ́n ṣe màlúù òfìfo kan, wọ́n fi awọ màlúù gidi bò ó, wọ́n wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kí ẹyẹ má baà fura. Ẹni tí ó bá rí wọn nínú pápá yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwáwí pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti fi ẹyin han ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Ní ọdún 1939, Julian Huxley àti James Fisher dá ètò kan sílẹ̀ lábẹ́ àjọ British Trust for Ornithology. Ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ yóò gba káàdì kan, yóò kọ ọjọ́ tí ó dé ibẹ̀, iye ẹyin, iye ọmọ, àti bí ó ṣe parí sí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé káàdì náà ni ó kù nínú gbogbo ohun èlò akójọ-ẹyin. Àpótí ti lọ. Ètò náà ṣì wà títí di òní, ìtẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìtẹ́ nígbà náà? Ọ̀nà jíjìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ tí ó gbé koríko sẹ́nu ń kọ́lé lọ́wọ́. Ìyẹn ni kí a fi sílẹ̀, nítorí nígbà tí ẹyẹ bá ń kọ́ ìtẹ́ tàbí tí ó ń yé lọ́wọ́ ni ó tètè máa ń kọ ìtẹ́ sílẹ̀ bí a bá yọ ọ́ lẹ́nu. Ìkọ́lé fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Inú ìtẹ́ song thrush dán, amọ̀ ni ó fi rẹ́ ẹ. Blackbird náà ń lo amọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ́ koríko lé e lórí. Long-tailed tit a máa fi òwú aláǹtakùn so tirẹ̀ pọ̀, a sì kó ìyẹ́ tí ó lè tó ẹgbẹ̀rún sínú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a yọjú, ìyá gbọ́dọ̀ ti kúrò fúnra rẹ̀. Jígí kékeré lórí ọ̀pá ni a fi ń wo inú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. A kì í lọ nínú òjò tàbí òtútù, a kì í ṣẹ́ ẹ̀ka, a kì í sì padà gba ojú ọ̀nà tí a gbà wá, kí ẹran apẹyẹ má baà tẹ̀lé ipasẹ̀ wa. Bí àwọn ọmọ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fò, a kì í súnmọ́ wọn rárá, nítorí wọ́n lè fi ìbẹ̀rù tú jáde kí ọjọ́ wọn tó pé.

Àwa náà ní àpẹẹrẹ ní ilẹ̀ wa pé àwọ̀ ẹyin nìkan kò tó. Ẹyin ẹ̀gà kan lè funfun, ti èkejì aláwọ̀ ojú ọ̀run, ti ẹ̀kẹta alámì wínníwínní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti abo kan ṣoṣo kì í yí padà. Ẹyẹ kan wà, diederik, tí í yọ́ yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹ̀gà, àwọ̀ tí ó yàtọ̀ síra yìí sì ni ẹ̀gà fi ń mọ àjèjì. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ ẹ̀gà kò ṣòroó mọ̀: ó ń rọ̀ lẹ́ka igi, imọ̀ ọ̀pẹ tí a fà ya tẹ́ẹ́rẹ́ ni akọ fi hun ún, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ta ni yóò tún gun igi nítorí ìyẹn?

Òfin dé ní 1954, ó fi òpin sí kíkó ẹyin ọ̀pọ̀ ẹyẹ igbó ní Bìrìtéènì. Ní ọdún yẹn kan náà ni osprey, ẹyẹ apẹja tí kò yé ní Skọ́tíláǹdì fún ọ̀pọ̀ ọdún, padà sí Loch Garten. Ní 1958, akójọ-ẹyin kan gun igi náà lóru, ó jí ẹyin rẹ̀, ó sì fi ẹyin adìẹ tí ó fi pólíìṣì bàtà kùn rọ́pò. Lẹ́yìn èyí ni George Waterston ti àjọ RSPB ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: dípò kí ó fi ìtẹ́ náà pamọ́, ó pe gbogbo ayé wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Bí 14,000 ènìyàn ni ó wá ní 1959, ẹyẹ náà sì tọ́ ọmọ mẹ́ta yọ.

Síbẹ̀, àpótí àtijọ́ wúlò lẹ́ẹ̀kan. Ní àárín àwọn ọdún 1950 sí 1960, àṣá peregrine ń dínkù, ẹyin rẹ̀ sì ń fọ́ nínú ìtẹ́. Derek Ratcliffe wọn èèpo ẹyin tí àwọn akójọ-ẹyin ti tọ́jú láti ọdún pípẹ́, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1967. Èèpo náà ti fúyẹ́ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún láti 1947 wá, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn apakòkòrò DDT. Àwọn akójọ-ẹyin kan fi èyí gbè ara wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ibi tí a kọ sí káàdì ni ó jẹ́ kí ìwọ̀n náà ní ìtumọ̀. Láìsí wọn, èèpo lásán ni ẹyin. Nígbà tí ó sì di pé òfin ń lé wọn, tí ilé ẹjọ́ sì lè rán wọn lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà láti ọdún 2001, àwọn mìíràn nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì àdììtú kọ káàdì tiwọn.