Ìmọ́lẹ̀ Inú Epo Tiransifọ́mà

Wíwo ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ń gbà mọ bí iná mànàmáná ṣe ń dá epo lu. Epo inú tiransifọ́mà, ì báà ṣe ti Ìdógò tàbí ti Ìlaròó nílẹ̀ Yewa, ló ń gbé ooru kúrò lára wáyà, òun náà ni kì í jẹ́ kí iná 11 kV fò síbi tí kò yẹ. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á dínkù.

Àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n bu epo sínú ife tí irin méjì ti dojú kọra, àlàfo 2.5 mm láàárín wọn. Wọ́n á máa fi 2 kV kún iná ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan títí epo yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Iye kan péré ni wọ́n ń rí níbẹ̀, wọn kì í rí ọ̀nà tí iná gbà.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń fi ọ̀nà náà hàn. Kí iná tó dá epo lu, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní streamer á yọ lẹ́nu irin, á máa ya ẹ̀ka, á sì máa tàn bó ṣe ń lọ. Ojú lásán kò lè bá a. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní photomultiplier ló ń mú ìtànṣán tó kéré jù. Kámẹ́rà ayára-bí-àṣá ló ń ya ẹ̀ka rẹ̀. Bí wọ́n bá tú ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀, ilà pupa haidirójìn á hàn ní 656.3 nm, àwọ̀ ewé kábọ́ọ̀nù nítòsí 516 nm: epo fúnra rẹ̀ ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nìyẹn. Bí ilà pupa yẹn bá ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Streamer kan lè rin nǹkan bí 2 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná bá ga kọjá ààlà, ó lè di 100 km, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì le lójijì. Ní Grenoble nílẹ̀ Faransé, Olivier Lesaint àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé epo ewéko ń dé ààlà yìí kíákíá ju epo tí wọ́n fọ̀ látinú epo rọ̀bì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ife.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yewa, níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀. Ní 2014, A. A. Abdelmalik ti Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, tẹ iṣẹ́ jáde lórí àdín tí wọ́n tún ṣe láti rọ́pò epo tiransifọ́mà. Lójú tèmi, irú epo bẹ́ẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ wọ tiransifọ́mà 11 kV àdúgbò, torí àlàfo ibẹ̀ kéré, streamer kò ráyè sáré. Inú àwọn ńlá, ti 132 kV àti 330 kV, ni àlàfo ti gùn, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi ìmọ́lẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó rọ ọ́ sí i.