Oúnjẹ Àwọn Kádínà Nígbà Ìdìbò Yan Póòpù

Ìlú Viterbo, ní àríwá Róòmù, ni ọ̀rọ̀ ebi ti wọ ìdìbò yan Póòpù. Clement Kẹrin kú síbẹ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún 1268, àwọn kádínà Ìjọ Àgùdà kò sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn àwọn Faransé kò gbà fún àwọn ará Ítálì, àwọn ará Ítálì náà kò gbà fún wọn. Nígbà tó sú àwọn ará ìlú, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìtàn sọ pé búrẹ́dì àti omi nìkan ni wọ́n ń fún wọn, wọ́n sì ká òrùlé kúrò lórí wọn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1271 kí wọ́n tó yan Teobaldo Visconti, ẹni tí kì í ṣe kádínà, tó sì wà lọ́nà jíjìn ní Acre.

Òun ló di Gregory Kẹwàá. Níbi ìpàdé ńlá Ìjọ ní Lyon lọ́dún 1274, ó sọ ebi di òfin. Ojú fèrèsé tí ènìyàn kò lè gbà wọlé ni wọn yóò ti máa gba oúnjẹ. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìrí Póòpù yàn, oúnjẹ oríṣi kan ṣoṣo ni kádínà yóò máa rí lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ náà lálẹ́. Bí ọjọ́ márùn-ún mìíràn bá tún kọjá, ó di búrẹ́dì, wáìnì àti omi. Inú àwọn kádínà kò dùn sí i, Adrian Karùn-ún sì dá òfin náà dúró lọ́dún 1276. Àbájáde rẹ̀ hàn kedere: nígbà tí Nicholas Kẹrin kú lọ́dún 1292, ìtẹ́ ṣófo fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Celestine Karùn-ún, tí wọ́n wá yàn níkẹyìn, ló dá òfin náà padà. Lọ́dún 1351, Clement Kẹfà dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó yá, títú àṣírí ló wá ń ba Ìjọ lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ ìfàfalẹ̀ lọ. Bartolomeo Scappi, alásè tó padà wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Póòpù Pius Karùn-ún, ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìdáná tó tẹ̀ jáde ní Venice lọ́dún 1570. Ìdìbò tó tẹ̀ lé ikú Paul Kẹta lọ́dún 1549 ló ń sọ, èyí tó gbà ju oṣù méjì lọ. Ìta ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, àwọn ìránṣẹ́ á sì gbé e dé ibi àpótí kan tó ń yí nínú ògiri. Ẹni tó gbé e wá kì í rí ojú ẹni tó gbà á. Kó tó wọlé, àwọn alábòójútó á tú u wò. Wọn kì í gba odindi adìẹ, nítorí ìwé lè wà nínú ikùn rẹ̀. Inú ife tó mọ́ gaara ni wáìnì gbọ́dọ̀ wà, wọ́n á sì tú aṣọ ìnuwọ́ palẹ̀. Ìfura yẹn tọ́, torí ọba Faransé àti Charles Karùn-ún, olú-ọba Ilẹ̀ Róòmù Mímọ́, ló ń du ipò náà fún èèyàn tiwọn.

Láti ọdún 2005, ilé Santa Marta nínú Vatican ni àwọn kádínà ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹun. Àwọn alásè àti olùgbóúnjẹ máa ń búra pé àwọn kò ní tú àṣírí. Oúnjẹ ibẹ̀ kì í ṣe ti àríyá: pasítà, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹran díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ebi ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú òfin tí John Paul Kejì ṣe lọ́dún 1996, bí wọ́n bá dìbò fún ọjọ́ mẹ́ta láìrí Póòpù yàn, wọ́n á sinmi fún ọjọ́ kan, ó pẹ́ jù, kí wọ́n lè gbàdúrà.