Ìtàn Dìgírì Sáíkọ́lọ́jì: Ẹnu Ọ̀nà Tí Kò Dúró Sójú Kan

Nínú ẹgbẹ́ wa, bí a bá ti kí ara wa tán ní Táíwò Road, ọ̀rọ̀ ọmọ ló máa ń kàn. Ìbéèrè kan sì ti wá wọ́pọ̀: "Ọmọ mi ní sáíkọ́lọ́jì lòun fẹ́ kà ní fásitì. Kí ni wọ́n ń bèèrè? Kí ló sì fẹ́ fi ṣe?" Ẹ̀gbọ́n tó jáde ní nǹkan bí 1975 á ní HSC ni. Ẹni tó jáde ní 1988 á ní JAMB ni. Àwa tí a jáde lẹ́yìn 2005 á ní JAMB nìkan kò tó. Kò sí òpùrọ́ nínú wa. Ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé ló ń júwe, wọ́n sì ti gbé ẹnu ọ̀nà náà kúrò níbi tó wà.

Orúkọ títì wa gan-an kan ìtàn yìí. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo ni wọ́n fi sọ ọ́, gómìnà ológun Kwara tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ February 1976. Nígbà tirẹ̀, ní August 1975, ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì fásitì sílẹ̀ ní Ìlọrin lábẹ́ Ìbàdàn. October 1976 ni 200 akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ní October 1977, ó di fásitì tó dá dúró. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Arts, Science àti Education. Sáíkọ́lọ́jì kò ní ẹ̀ka tirẹ̀ nígbà náà. Inú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà ni èèyàn ti ń bá a pàdé.

Ìbàdàn àti Nsukka

Ọ̀nà méjì ni fásitì gbà wọ Nàìjíríà. Ti Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ fásitì London, jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ọmọ á ti gba HSC tàbí A-level, á wá fi ọdún mẹ́ta gba dìgírì, kò ní fi ẹsẹ̀ kan ibòmíràn. Ti Nsukka, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, gba ọ̀nà Amẹ́ríkà. Ìwé ẹ̀rí WASC tó láti wọlé, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò, gbogbo ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ ṣe General Studies, ì báà jẹ́ sáyẹ́ǹsì ló wá kà.

Nsukka yìí náà ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Èkó tẹ̀lé e. Ìbàdàn kò ní tirẹ̀ títí di àárín àwọn ọdún 1970. Ẹ ò rí i pé ilé tí wọ́n ń ṣe bí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí ẹ̀kọ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n, àṣà Nsukka ló borí níkẹyìn: ọdún mẹ́rin, kírẹ́díìtì, àti GS tí àwọn ọmọ ń kùn sí títí dòní.

JAMB dé

Kó tó di 1978, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọmọ kan lè di àyè mẹ́ta mú, kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan. JAMB ni wọ́n fi tún ìyẹn ṣe. Ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, àwọn ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ṣe SSCE ní 1988. Bí HSC ṣe wábi gbà nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ bá JAMB wọ̀jà lè fi IJMB ti Zaria, NCE tàbí OND gba Direct Entry wọ ọdún kejì. Púpọ̀ nínú àwọn tíṣà tó ní NCE, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà.

Ní 2005, wọ́n fi ìdánwò mìíràn lé JAMB lórí, èyí tí a ń pè ní Post-UME. Ní 2010, UME di UTME. Ṣé ẹ wá rí bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ilé kan náà kì í ṣe gba ọ̀nà kan náà wọlé?

Ọwọ́ NUC

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú kíláàsì náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀. Ní 1989, NUC gbé ìlànà kan ṣoṣo jáde fún gbogbo wọn. Wọ́n tún un ṣe ní 2007. Ní December 2022, wọ́n gbé CCMAS jáde: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ NUC, ìdá 30 tó kù láti ọwọ́ fásitì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ nípa bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó di dandan.

Àwọn ohun kan kò yí o. Ìṣirò ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọ̀rọ̀ sísọ lásán ni sáíkọ́lọ́jì. Rárá o. Statistics wà níbẹ̀, ìdánwò inú láàbù wà níbẹ̀, ìwádìí ọdún ìkẹyìn tí ọmọ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń sá fún ìṣirò ní SS1, ẹ má jẹ́ kó tan ara rẹ̀.

Dìgírì nìkan kò tó

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé. Ẹnu ọ̀nà ìwọlé ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, ṣùgbọ́n ibi tí B.Sc. gbé ọmọ dé kò sún púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù gbọ́dọ̀ tún lọ gba M.Sc. nínú clinical psychology, kó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Àwọn èèyàn a máa dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ẹni tó mú kí àwọn aláìsàn Aro máa gbé láàárín ará abúlé láti 1954. Dókítà ìṣègùn ni Lambo o! Ọ̀nà ìṣègùn ló gbà débẹ̀.

Àìmọ èyí ló ń mú kí ọmọ lo ọdún mẹ́rin tán, kó wá jókòó sílé pẹ̀lú ìbínú. Iṣẹ́ sì wà: àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ilé ìwé, ọgbà ẹ̀wọ̀n, gbogbo wọn ló nílò ẹni tó mọ ìwà ẹ̀dá. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2023, tó rọ́pò òfin Lunacy ayé àwọn òyìnbó, tún fi kún bí a ṣe nílò wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ni pé kí a yan ọjọ́ kan lọ́dún, kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú wa lọ bá àwọn ọmọ SS1 sọ̀rọ̀, kó tó di pé wọ́n yan ohun tí wọ́n máa kà. Ẹni tó bá mọ JAMB á sọ ti JAMB, ẹni tó mọ Direct Entry á sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má sọ bí wọ́n ṣe ń wọlé nìkan, kí a sọ ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn já sí pẹ̀lú.